Rífọ́ọ̀ndì mi kò dé láti oṣù kejì: ẹ̀yin tó ti kàn rí, ẹ bá mi dá sí i

Àbẹ̀kẹ́ Maryland · 12 oṣù kẹrin 2025

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹfà oṣù kejì ni mo fi ìwé owó-orí ọdún 2024 ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì sí IRS, iléeṣẹ́ owó-orí Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì ṣú tí wọ́n fi ní àwọn ti gbà á. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbúròó wọn mọ́. Bí mo bá ti jí, kí n tó bu omi bọ́jú, Where's My Refund?, ojú ewé tí IRS fi ń sọ ibi tí owó dé, ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì máa ń bá mi sọ: a ti rí ìwé rẹ, a ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Rífọ́ọ̀ndì náà, ìyẹn owó tí wọ́n máa dá padà fún mi, lé díẹ̀ ní $5,000. Òun ni mo gbójú lé láti san owó ilé tó ti wọ oṣù kejì báyìí, kí n sì fi tún bírékì ọkọ̀ ṣe, torí ọkọ̀ yẹn náà ni mo fi ń wá oúnjẹ alẹ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe lójú mọmọ, tó bá di ìrọ̀lẹ́ mo máa ń gbé èrò fún áàpù. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, èmi nìkan ni mo sì ń dá wọn tọ́. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ní òun mọ ọkùnrin kan tó lè bá mi "tú u sílẹ̀" tí mo bá lè wá $200. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Líṣàbi · 12 oṣù kẹrin

Àǹtí, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní igba dọ́là o! Ewúrẹ́ ni wọ́n so mọ́lẹ̀ tí ẹnì kan fẹ́ tú u sílẹ̀? Ó máa kọ́kọ́ gba $200, lẹ́yìn náà ni yóò wá béèrè nọ́ńbà Social Security yín, nọ́ńbà tí ìjọba fi dá yín mọ̀, àti ti àwọn ọmọ. Ìgbà yẹn ni wàhálà gidi máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì pè yín lórí WhatsApp pé IRS ni òun, ẹ gé fóònù. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn.

Awakọ̀ Houston · 12 oṣù kẹrin

Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ọjọ́ 21 tí IRS máa ń kọ pé owó fi ń dé yẹn, ti ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó fi ìwé ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ́ tí wọ́n jẹ́. Ẹni tó bá fi bébà ránṣẹ́, kó máa fọkàn sí oṣù kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí ẹ bá sì gba EITC tàbí àfikún owó ọmọ, ìyẹn ìrànwọ́ tí ìjọba ń fi kún rífọ́ọ̀ndì òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀ àti ti olọ́mọ, òfin PATH tí wọ́n ṣe ní 2015 kò gbà kí wọ́n san kọ́bọ̀ kó tó di ọjọ́ 15 oṣù kejì, gbogbo rífọ́ọ̀ndì ni wọ́n sì máa ń dì mú, kì í ṣe ti ọmọ nìkan. Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin la wà yìí, ìyẹn kọ́ ló ń ṣe tiyín. Ṣé ẹ ti wo transcript yín, àkọsílẹ̀ tí IRS ń ṣe lórí ìwé owó-orí yín?

Akọ̀wé Owó, Chicago · 12 oṣù kẹrin

Ẹ kú iṣẹ́, gbogbo ilé. Iṣẹ́ owó-orí ni mò ń ṣe jẹun. Àárín oníbàárà méjì ni mo ti ń kọ èyí, torí ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù ká kan 15 oṣù kẹrin tí gbèdéke ìwé owó-orí pé, nítorí náà ẹ fojú fo àṣìkọ.

Àbẹ̀kẹ́, ohun tí ẹ ń ṣí láràárọ̀ yẹn, ẹ̀ẹ̀kan péré lójúmọ́ ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ tuntun sí i, òru sì ni. Bí ẹ wò ó nígbà ogún, kò ní sọ ju ti àárọ̀ lọ. Ẹ wọ akáǹtì yín lórí IRS.gov, ẹ ṣí Account Transcript ti 2024, kí ẹ wo àwọn nọ́ńbà tó tò sí ẹ̀gbẹ́ òsì. 150 túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ ìwé yín wọlé. 846 ni pé owó ti jáde, ọjọ́ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 570 ni pé nǹkan kan ti dá owó náà dúró. 971 ni pé lẹ́tà ti jáde sí yín.

Lẹ́tà yìí ló ń kó bá àwọn èèyàn wa jù. Lẹ́tà dé, wọ́n rí orúkọ ìjọba lára rẹ̀, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n fi há abẹ́ Bíbélì. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọn óò gbé e wá bá mi pé "bọ̀ọ̀dá, ẹ bá mi wò ó." Ẹ ṣí lẹ́tà o! Nọ́ńbà rẹ̀ wà ní igun òkè tàbí nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. CP05 ń sọ pé wọ́n ń yẹ ìwé yín wò, kí ẹ fún wọn ní ọgọ́ta ọjọ́, ẹ kò ní láti fi nǹkan kan ránṣẹ́. CP05A ń béèrè ìwé ẹ̀rí, ìyẹn ò ṣeé fi falẹ̀. CP12 ni pé wọ́n ti tún ìṣirò yín ṣe, iye owó sì ti yí padà. 5071C ni pé kí ẹ wá fi hàn pé ẹ̀yin gan-an lẹ fi ìwé náà ránṣẹ́, pé kì í ṣe olè kan ló lo orúkọ yín.

Tí ẹ bá dé orí transcript tí ẹ kò rí nǹkan kan rárá, bíi pé ẹ kò fi ìwé ránṣẹ́ rí, ẹ fura sí èyí tó kẹ́yìn yẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Maryland · 12 oṣù kẹrin

Mo ti wò ó. Odidi wákàtí kan ni mo fi ń ya fọ́tò ojú mi àti láísẹ́ǹsì kí wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé. 2023 wà níbẹ̀ pé pérépéré. 2024 ṣófo, bí ìgbà tí wọn ò tíì bí mi.

Ẹ sì jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Oṣù kejìlá ni mo kó láti Lanham wá sí Hyattsville. Mo sọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ọdún tó kọjá ni ẹni tó bá mi ṣe ìwé náà fi sí i, èmi náà ò sì kà á kí n tó fọwọ́ sí i.

Akọ̀wé Owó, Chicago · 12 oṣù kẹrin

Ó ti yé mi. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ilé tí ẹ ti kó kúrò. Lẹ́tà yín á wà níbẹ̀ tàbí lọ́dọ̀ alábòójútó ilé. Fọ́ọ̀mù 8822 ni ẹ máa fi sọ àdírẹ́sì tuntun fún IRS fúnra wọn. Tí lẹ́tà bá di àwátì, 800-829-1040 lẹ máa pè lọ́jọ́ ajé, láti aago méje àárọ̀. Ẹ gbé ìwé 2023 àti 2024 sí iwájú yín kí ẹ tó pè, wọ́n á bi yín ní ohun tó wà nínú wọn.

Ìbéèrè kan: ṣé ẹni tó bá yín ṣe é fọwọ́ sí i, tó sì kọ nọ́ńbà PTIN tirẹ̀ sí i, èyí tí IRS ń fún àwọn tó ń gbowó ṣe ìwé owó-orí? Dandan ni fún ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá ní kó o fọwọ́ sí i bíi pé ìwọ lo dá a ṣe, tàbí tó ń gba ìdá kan nínú rífọ́ọ̀ndì gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, ẹ yẹra fún un.

Ìyá Alásè · 13 oṣù kẹrin

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ti owó ilé ló jẹ mí lógún, wọ́n ti bá ẹ wí tó lórí lẹ́tà.

Ọdún kan tí tèmi náà há, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni mo kọ gbòdì nínú nọ́ńbà akáǹtì báńkì, owó lọ, báńkì dá a padà, wọ́n wá fi ṣẹ́ẹ̀kì ránṣẹ́. Mo ń retí owó, onílé náà ń retí mi. Ohun tó gbà mí ni pé mo lọ bá onílé kí ó tó wá bá mi. Mo tẹ ìwé tó fi hàn pé owó ń bọ̀ jáde, mo mú $300 dání, mo ní kó fún mi ní ọjọ́ tí yóò fi dúró, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Onílé tó bá ti gba díẹ̀ kì í sáré lọ sí kóòtù. Iléeṣẹ́ iná náà máa ń gbà kí èèyàn pín gbèsè san, ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gé e ni kó o pè wọ́n.

Tí onílé bá fún ẹ ní ìwé pé kó o kó jáde, má sunkún. Ìwé yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Taxpayer Advocate Service, abẹ́ IRS ni wọ́n wà ṣùgbọ́n ẹni tó ń san owó-orí ni wọ́n ń gbèjà, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Fọ́ọ̀mù wọn ń jẹ́ 911, bíi nọ́ńbà ọlọ́pàá, fóònù wọn ni 877-777-4778. Tí ìyà gidi bá ń bọ̀, bí àìrílégbé, iná tí wọ́n fẹ́ gé, oògùn tí o kò lè rà, ẹ̀dà ìwé yẹn ni wàá fi ti ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́yìn.

Má lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń yáni lówó di ọjọ́ ìsanwó o. Tí o bá wà nínú ẹgbẹ́ àjọ, lọ bẹ ẹni tí ó kàn kí ẹ jọ pààrọ̀ ọwọ́.

Awakọ̀ Houston · 13 oṣù kẹrin

Mo fi kún ti màmá. Èlé wà tí wọ́n bá pẹ́ jù. Ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́ kí 15 oṣù kẹrin tó pé, láti ọjọ́ yẹn ni wọn yóò ti ka ọjọ́ 45, ìyẹn 30 oṣù karùn-ún ọdún yìí. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi èlé lé e, 7% lọ́dún ló wà ní 2025. Ẹ má wulẹ̀ yọ̀, wọ́n á gba owó-orí lórí èlé náà lọ́dún tó ń bọ̀.

Tí owó tó dé bá sì kéré sí èyí tí ẹ ń retí, bóyá gbèsè ni wọ́n yọ nínú rẹ̀, bí owó ìtọ́jú ọmọ tí ẹnì kan jẹ. 800-304-3107 ni wọ́n ti máa sọ ẹni tó gbà á fún yín.

Nọ́ọ̀sì Dallas · 13 oṣù kẹrin

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n gun ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ yìí kí bọ̀ọ̀dá Chicago tó sá lọ. Mi ò tíì fi tèmi ránṣẹ́. Aṣọ iṣẹ́ ọsibítù, bàtà, owó tí mo fi tún láísẹ́ǹsì ṣe, gbogbo rẹ̀ tó $900, ṣé mo lè yọ ọ́ nínú ìwé owó-orí mi? Mo sì ń fi $300 ránṣẹ́ sí màmá mi ní Abẹ́òkúta lóṣooṣù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n kọ màmá mọ́ àwọn tí mò ń bọ́.

Akọ̀wé Owó, Chicago · 13 oṣù kẹrin

Àbúrò, ọ̀rẹ́ yín fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n ó fẹ́ẹ̀ kó bá yín.

Tó bá jẹ́ W-2, ìwé owó oṣù tí agbanisíṣẹ́ ń fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, ni wọ́n fi ń san owó yín, aṣọ iṣẹ́ àti láísẹ́ǹsì ti kúrò nínú ohun tí ẹ lè yọ lára owó tí ìjọba àpapọ̀ ń gba owó-orí lé lórí láti 2018. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọsibítù bóyá wọ́n á dá owó aṣọ padà fún yín. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gba iṣẹ́ fún ara yín, tí 1099 ni wọ́n ń fún yín, ọ̀rọ̀ yí padà.

Ti màmá: ẹni tí ẹ máa kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, tàbí ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà, Kánádà tàbí Mẹ́síkò. Abẹ́òkúta kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Líṣàbi · 13 oṣù kẹrin

Mẹ́síkò wọlé, ìyá tó bí mi lọ́mọ ò wọlé! Ta ló bá wọn ya ilẹ̀ yẹn?

Akọ̀wé Owó, Chicago · 13 oṣù kẹrin

Ẹ bá Kọ́ńgíréèsì sọ ọ́, èmi kọ́. Ọdọọdún ni mò ń sọ ọ́, ọdọọdún ni ẹnì kan máa ń bínú dìde lórí àga mi.

Kí ẹ má bi mí, ti ìdámẹ́wàá náà rèé. Standard deduction, iye tí wọ́n ń yọ fún yín kí wọ́n tó bu owó-orí, ní 2024 jẹ́ $14,600 fún ẹni tó dá wà, $29,200 fún tọkọtaya, $21,900 fún ẹni bí Àbẹ̀kẹ́ tó ń dá gbé bùkátà ilé àti ọmọ. Tí ìdámẹ́wàá, èlé orí ilé àti àwọn ìyókù kò bá ju iye yẹn lọ, kíkọ wọn sílẹ̀ fún 2024 kò mú nǹkan kan wá. Tó bá jù ú lọ, ọrẹ ẹ̀ẹ̀kan tó tó $250 gbọ́dọ̀ ní lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ìjọ, kí lẹ́tà náà sì sọ bóyá wọ́n fún yín ní nǹkan padà. Ṣọ́ọ̀ṣì Amẹ́ríkà ni o. Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ tààrà sí ìjọ abúlé yín, Ọlọ́run nìkan ló máa san án padà.

Ìnáwó iṣẹ́ tara ẹni wà lọ́tọ̀. Orí Schedule C, fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tara ẹni, ló ń lọ, a máa yọ ọ́ ká tó kan standard deduction rárá. Ibẹ̀ ni owó àwọn awakọ̀, alásè àti onídìrí ń sọnù sí.

Awakọ̀ Houston · 14 oṣù kẹrin

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí tèmi ṣe fẹ́ẹ̀ sọnù. Ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò, mo rò pé orí mi pé bíi ti alájọ Ṣómólú, mi ò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Nígbà tó di àkókò owó-orí, mo fojú díwọ̀n máìlì tí mo fi ọkọ̀ ṣiṣẹ́ kí n lè yọ ọ́, mo ní 30,000 máìlì. Ẹ wo òdo tó gún régé yẹn! Ọdún kejì lẹ́tà dé: mú àkọsílẹ̀ rẹ wá.

Mi ò ní. Áàpù mọ máìlì tí èrò wà nínú ọkọ̀, kò ka gbogbo èyí tí mo fi ń lọ gbé wọn. Ìyàwó mi ló ní kí n lọ wo àpò ẹ̀yìn àga ọkọ̀. Mo bá rìsíìtì mẹ́káníìkì mẹ́rin níbẹ̀, gbogbo ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ni wọ́n ń kọ iye máìlì tó wà lójú ọkọ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú déètì. Rìsíìtì yẹn, àkọsílẹ̀ áàpù, àti ibi tí Google ti ṣọ́ fóònù mi, ni mo fi tò ó padà. Wọ́n gba díẹ̀, wọ́n fagi lé ìyókù, mo sì san owó pẹ̀lú èlé.

Báyìí, ìwé àkọsílẹ̀ onídọ́là kan wà nínú pọ́kẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ mi. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, mo ya fọ́tò iye máìlì ojú ọkọ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún, mo tún yà á. Lójoojúmọ́ mo kọ déètì, ibi tí mo lọ, ohun tí mo lọ ṣe, iye máìlì. Ìlà kan péré ni, kí n tó pa ẹ́ńjìnnì. 67 sẹ́ǹtì ni IRS gbà ká yọ fún máìlì kan ní 2024, ó di 70 sẹ́ǹtì ní 2025. Ẹni tó bá wa 18,000 máìlì ní 2024, $12,060 ló máa yọ. Owó géètì ojú títì àti owó ibi ìgbọ́kọ̀sí wà lọ́tọ̀, ẹ máa kó rìsíìtì wọn jọ. Láti ilé yín dé ibi iṣẹ́ W-2 kò sí nínú rẹ̀, Àbẹ̀kẹ́, ẹ má kà á mọ́ ọn.

Ìyá Alásè · 14 oṣù kẹrin

Agolo bisikíìtì ni mo ń kó tèmi sí. Mo ṣe é fún ọdún méjì, inú mi ń dùn pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ṣí i lóṣù kẹta, bébà funfun ni mo bá! Rìsíìtì tí wọ́n ń fi ooru tẹ̀ yẹn, tó bá pẹ́ tàbí tí oòrùn bá pa á nínú búùtù, lẹ́tà ojú rẹ̀ á parẹ́. Ata, òróró, ìrẹsì bí àpò mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ ti di bébà ìnudọ̀tí. Sítétímẹ́ǹtì báńkì sọ pé mo ná $212 ní ṣọ́ọ̀bù, kò sọ pé ìrẹsì ayẹyẹ ni, kì í ṣe ti ilé mi.

Nísinsìnyí, kí n tó kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ti ya fọ́tò rẹ̀. Mo máa ń fi bírò kọ ọ́ sórí rẹ̀ kí n tó yà á: "ìgbéyàwó Bowie, àwo 150". Káàdì kan wà fún iṣẹ́, òmíràn wà fún ilé, mi ò pò wọ́n mọ́. Owó tí àwọn oníbàárà fi Zelle san lórí fóònù náà, mo ń kọ ọ́, kì í ṣe ìnáwó nìkan là ń kọ.

Ọmọ Líṣàbi · 14 oṣù kẹrin

Màmá, aṣọ ẹbí tí ẹ wọ̀ lọ sè níbi ayẹyẹ ńkọ́? Ṣebí ìpolówó iṣẹ́ ni.

Ìyá Alásè · 14 oṣù kẹrin

Mo ti bi wọ́n. Aṣọ tó ṣeé wọ̀ lọ sí ibòmíràn kì í ṣe aṣọ iṣẹ́. Ápúrọ́ọ̀nù tó ní orúkọ mi lára nìkan ni wọ́n gbà.

Akọ̀wé Owó, Chicago · 16 oṣù kẹrin

Mo ti sùn, mo ti jí. Ẹ tọ́jú ìwé wọ̀nyí fún ọdún mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ìwé owó-orí ránṣẹ́. Èmi máa ń sọ pé méje, torí kò wúwo lórí fóònù. Fọ́tò náà jẹ́ ẹ̀rí tó bá ṣeé kà.

Ẹ tún gbọ́: tó bá jẹ́ pé inú owó tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù yín ni rífọ́ọ̀ndì ńlá ti ń wá, àjọ lẹ ń dá sọ́wọ́ ìjọba láìsí èlé. W-4, ìwé tó ń sọ iye tí wọ́n máa yọ lára owó oṣù, ni ẹ máa tún kọ. Àbẹ̀kẹ́, ẹ rọra ṣe tiyín, torí owó áàpù ní owó-orí iṣẹ́ tara ẹni tirẹ̀, 15.3%, tí kò sẹ́ni tó ń bá yín yọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Maryland · 19 oṣù kẹrin

Ẹ kú ìmúra ọdún Àjíǹde. Mo lọ sí Lanham. Obìnrin ará El Salvador kan ló wà nínú ilé wa àtijọ́. Kò gbọ́ òyìnbó púpọ̀, èmi ò gbọ́ Sípáníìṣì, ṣùgbọ́n mo sọ orúkọ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ mú ọ̀rá ṣọ́ọ̀bù kan wá láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ti to gbogbo lẹ́tà mi síbẹ̀ láti oṣù kejìlá. 5071C wà láàárín wọn, oṣù kejì ni wọ́n kọ ọ́.

Mo fi hàn wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì lánàá pé èmi ni, kò tó ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ní ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án. Mo ti fi 8822 ránṣẹ́. Mo mú $400 lọ bá onílé bí Ìyá Alásè ṣe wí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fún mi di ìparí oṣù kẹfà. Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun.

Àbẹ̀kẹ́ Maryland · 23 oṣù karùn-ún

846!!! Ó wọ akáǹtì láàárọ̀ yìí. Kò tíì pé ọjọ́ 45 yẹn, èlé ò kàn mí, mi ò bínú. Mo ti san owó ilé, ọkọ̀ wà lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì. Awakọ̀ Houston, mo ti ra ìwé àkọsílẹ̀ tèmi. Bírékì yìí jẹ́ $640, ṣé mo lè yọ ọ́ pẹ̀lú máìlì?

Awakọ̀ Houston · 23 oṣù karùn-ún

Rárá mà. Bírékì, epo, táyà, ìnṣọ́ráǹsì, inú 70 sẹ́ǹtì yẹn ni gbogbo wọn wà. Àmọ́ ẹ ya fọ́tò rìsíìtì náà, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ máìlì sí i. Tí wọn ò bá kọ ọ́, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́.